Ẹsẹ̀ Lásán ní Liverpool: Sáà Bọ́ọ̀lù Ọdún 1949 àti Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àríwá Èkìtì

Kókó ìjíròrò wa ti alẹ́ òní ni eré bọ́ọ̀lù ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé Ogun Àgbáyé Kejì, pàápàá ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti ìhà àríwá Èkìtì lápapọ̀. Kí àwọn àlejò wa tó sọ tẹnu wọn, wọ́n ní kí èmi fi ìtàn díẹ̀ la ọ̀nà sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó ya yín lẹ́nu pé etí òkun Liverpool ni n ó ti gbé ìtàn náà, tí n kò bẹ̀rẹ̀ láti pápá ilé-ìwé kan ní Èkìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí tí a ó gbà yìí jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gbé wa dé Ìkọ̀lé.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1949, ọmọkùnrin mọ́kànlá láti Nàìjíríà jáde sí orí pápá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Marine ní Crosby, lẹ́bàá ìlú Liverpool. Ẹ̀wù eré àti ṣòkòtò péńpé pé lára wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà. Àwọn mìíràn nínú wọn fi báńdéèjì wé ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Òyìnbó tí ó dojú kọ wọ́n wọ búùtù aláwọ líle, irú èyí tí ó máa ń ga bo ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n fi ìṣó kan ẹsẹ̀ kéékèèké mọ́ ní abẹ́. Ẹni tí irú búùtù bẹ́ẹ̀ bá ti tẹ̀ lẹ́sẹ̀ rí kò ní í gbàgbé. Nígbà tí adarí eré fọn fèrè ìkẹyìn, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lásán ti gbá ayò márùn-ún wọlé, méjì péré ni àwọn oníbúùtù rí gbá padà.

Àwọn méjìdínlógún ni Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà yàn fún ìrìn-àjò náà. Ọkọ̀ òkun tí ń jẹ́ Apapa ni wọ́n wọ̀ ní Èkó, wọ́n sì lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Holley ni ó kó wọn lọ. Etim Henshaw, ọmọ Calabar tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Marine ti Èkó, ni olórí wọn lórí pápá. (Marine ti Èkó yìí jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba, ó kàn bá ti Crosby jẹ́ orúkọ kan náà ni.) Sam Ibiam ti Port Harcourt ni aṣọ́lé. Isaac Akioye bá wọn lọ láti Ìbàdàn, John Dankaro láti Jos. Nínú àwọn tí ń gbá iwájú ni Titus Okere, Sokari Dokubo àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní Èkó, ẹni ọdún 22, tí ń jẹ́ Teslim Balogun. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí “Thunder”, èyíinì ni Ààrá. Àwọn àgbà tí ó rí i ti sọ ọ́ di ìtàn àlọ́: wọ́n ní bọ́ọ̀lù tí ó bá fi tagbáratagbára gbá a máa ya àwọ̀n. N kò ní kí ẹ gbà á gbọ́ o, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dédé jẹ́ Ààrá.

Ṣé bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe parí? Rárá. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n borí nínú méjì, wọ́n gbá ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú márùn-ún tí ó kù. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá pàdé jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tí kì í gba owó oṣù lórí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fojú kéré wọn. Bishop Auckland wà nínú wọn, akọni ni láàárín àwọn ẹgbẹ́ aláìgbowó. Bromley náà wà nínú wọn, Bromley tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn aláìgbowó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley nínú oṣù Kẹrin ọdún yẹn gan-an. Bí oṣù Kẹsàn-án sì ti ń lọ ni òtútù ń mú, tí òjò ń rọ̀, tí koríko ń yọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó mọ ilẹ̀ pupa líle ti ilé kò rí ibi tí yóò dì mú nínú ẹrẹ̀ tútù.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa tí a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kí ló dé tí wọ́n fi ọmọ ènìyàn ránṣẹ́ sí ìlú òtútù láìwọ bàtà? Àwọn kan ní ìtìjú gbáà ni, pé ìjọba amúnisìn fẹ́ fi wọ́n ṣe ìran wíwò. Àwọn mìíràn ní ògo ni, pé ẹni tí kò wọ búùtù tí ó gbá ayò márùn-ún sínú ilé oníbúùtù, akin ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ búùtù lójú méjèèjì nínú wọn ìbá wá owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ́ bọ́ọ̀lù láti kékeré, tí a wá fi awọ líle bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó dà bí onílù tí a fi ìbọ̀wọ́ bọ̀ lọ́wọ́ tí a ní kó máa lu gángan. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní í gbọ́ ohun tí awọ ń sọ mọ́. Nítorí náà ìmọ̀ ni ẹsẹ̀ lásán jẹ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣẹ́ wà ní ìdí ìmọ̀ náà, nítorí pé ní pápá ilé-ìwé tí wọ́n ti kọ́ ọ, kò sí búùtù tí wọn ì bá yàn tàbí kọ̀.

Àwọn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní ọdún 1948, àwọn ọmọ Íńdíà gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje Olympic ní London, ọ̀pọ̀ wọn ni kò wọ bàtà. Ilẹ̀ Faransé fi ayò méjì sí ẹyọ kan borí wọn, ṣùgbọ́n ariwo ẹsẹ̀ wọn kan gbogbo ìlú. Ní ọdún 1951, ẹgbẹ́ Gold Coast, tí a mọ̀ sí Ghana lónìí, tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn náà bá lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé irú ọdún tí 1949 jẹ́. Àwọn sójà wa tí wọ́n jà ní Burma ti padà dé, wọ́n ti rí i pé ọta ìbọn kì í bèèrè àwọ̀ ara kí ó tó pa ènìyàn. Ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945 ṣì wà ní ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ reluwé, ti ìfìwéránṣẹ́ àti ti ojú omi, àwọn ilé-iṣẹ́ kan náà tí ó ní àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó lókìkí jù lọ. Nnamdi Azikiwe ti dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá tirẹ̀, ZAC, sílẹ̀ ní ọdún 1938. Nígbà ogun ni ẹgbẹ́ náà rin ìlú kiri, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gba owó jọ fún ìrànlọ́wọ́ ogun, tí ọ̀rọ̀ òmìnira sì ń tẹ̀lé eré. Nítorí náà, nígbà tí aláwọ̀ dúdú bá gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé aláwọ̀ funfun ní 1949, ohun tí àwọn tí ń kà á nínú ìwé ìròyìn ní Èkó àti ní Ìbàdàn rí ju ayò lọ.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọkọ̀ wọn yà ní Freetown. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1949, wọ́n bá Sierra Leone gbá a, wọ́n sì fi ayò méjì sí òdo borí. Eré yẹn ni a kà sí àkọ́kọ́ nínú gbogbo eré tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, tí àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, ní Enugu, tí èèyàn 21 sì kú. Ìjọba kan náà ni ó pàtẹ́wọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ lásán ní Liverpool.

Báwo wá ni a ṣe lè wọn irú sáà bẹ́ẹ̀? Bí a bá fi iye ayò wọ̀n ọ́n, ẹgbẹ́ tí ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀márùn-ún nínú mẹ́sàn-án kò yẹ kí a dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní òkè òkun wé e, tí òun náà gbá eré mẹ́sàn-án ní ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù tí àwọn yunifásítì fẹ́ràn jù kì í ṣe irú tiwa yìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, tí wọ́n ń fi ara kọ lu ara wọn bí àgbò. Ní ọdún 1951, Yunifásítì San Francisco, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì, borí nínú eré mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Aláwọ̀ dúdú méjì wà nínú àwọn ọmọ náà, Ollie Matson àti Burl Toler. Bí sáà bá parí níbẹ̀, wọn a máa pe àwọn ẹgbẹ́ tí ó ta yọ sí eré ńlá ti ọdún tuntun, èyí tí ń mú owó rẹpẹtẹ wọlé fún ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn ọmọ San Francisco pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ìhà gúúsù pè wọ́n, kí wọ́n fi àwọn dúdú méjì náà sílẹ̀ nílé. Wọ́n ní àwọn kò lọ. Ìpè kò dé, owó kò wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì pa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ tì lẹ́yìn sáà yẹn. Matson gba àmì-ẹ̀yẹ méjì ní ìdíje Olympic ti Helsinki ní 1952. Ní 1965, Toler di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe adarí eré nínú ìdíje àwọn agbowó ọ̀jà bọ́ọ̀lù wọn. Ọ̀kan borí nínú gbogbo eré mẹ́sàn-án, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èkejì fìdí rẹmi nínú márùn-ún nínú mẹ́sàn-án, ilẹ̀kùn sì ṣí fún un. Ìwé àkọsílẹ̀ ayò kò lè ṣàlàyé èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ilẹ̀kùn wo ni ó ṣí? Titus Okere padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ sí ẹgbẹ́ Swindon Town ní àwọn ọdún 1950. Balogun lọ sí Peterborough United ní 1955, ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní 1956, ó sì ti wọ búùtù nígbà náà. Ó padà wálé wá di olùkọ́ bọ́ọ̀lù. Ikú mú un ní ọdún 1972, ẹni ọdún 45. Pápá ìṣeré tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Sùúrùlérè títí di òní.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Inú ilé-ìwé ni bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Eré àkọ́kọ́ tí ìtàn máa ń mẹ́nu bà ni ti ọdún 1904 ní Calabar, níbi tí àwọn ọmọ Hope Waddell ti fi ayò mẹ́ta sí méjì borí àwọn atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá nínú ọkọ̀ Thistle. Balogun fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni a bí i sí, ilé-ìwé Kátólíìkì kan ní Port Harcourt ni ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti jáde ní ilé-ìwé, ta ni yóò gbà á? Ilé-iṣẹ́ ni. Ife-ẹ̀yẹ Gómìnà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945, Marine ni ó kọ́kọ́ gbà á; Reluwé, UAC àti àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n jọ ń du irú ife bẹ́ẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ẹgbẹ́ wà, ibi tí ẹgbẹ́ wà ni àwọn tí ń yan agbábọ́ọ̀lù ti ń wò.

Ẹ wá wo máàpù ojú irin. Ó kúrò ní Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó kọjá lọ sí Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ó yẹ Èkìtì sílẹ̀ pátápátá. Kò sí ibùdó reluwé ní Ìdó, kò sí ní Ọyẹ́, kò sí ní Ìkọ̀lé. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí yóò dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ kò sí níbẹ̀ bákan náà. Iṣu, kòkó, igi gẹdú àti ilé-ìwé ni a ní. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń bi mí pé kí ló dé tí kò fi sí ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Èkìtì nínú àwọn tí a ń dárúkọ ní 1949, èmi a ní kó lọ wo ojú irin kó tó dá ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lẹ́bi. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé-ìwé nìkan ṣoṣo ni ilé tí bọ́ọ̀lù ní.

Ilé-ìwé náà ńkọ́? Ẹ gbọ́ ìtàn ọmọ Ìkọ̀lé kan. A bí Jacob Festus Adéníyì Àjàyí, ẹni tí gbogbo àgbáyé mọ̀ sí J. F. Adé Àjàyí, ní Ìkọ̀lé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1929. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ìlú rẹ̀, ó lọ sí Ekiti Central School ní Adó, nígbà tí ó sì di ọdún 1940 ó lọ sí Igbobi College ní Èkó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Láti Ìkọ̀lé dé Èkó ní àkókò ogun, ní ojú ọ̀nà tí ọ̀dà kò tíì kàn. Òun ni ó padà di ọ̀kan nínú àwọn àgbà onítàn ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ bí ọ̀nà ti jìn tó fún ọmọ àríwá Èkìtì tí ó bá fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ogun tó parí. Ekiti Central School tí ó gbà kọjá yẹn, tí a dá sílẹ̀ ní 1933 lábẹ́ ìdarí Àlùfáà Dallimore, ni ó di Christ's School, lórí òkè Agidimo. Ní àwọn ọdún lẹ́yìn ogun, lábẹ́ Àlùfáà Mason tí ó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ títí di 1966, ibẹ̀ ni ojú gbogbo ọmọ Èkìtì ń wò.

Àríwá kò gbà láti máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Adó títí láé. Ní ọdún 1954, Ekiti Parapo College bẹ̀rẹ̀ ní Ìdó. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: Èkìtì Parapọ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ ogun tí àwọn baba wa fi kojú Ìbàdàn ní Ogun Kírìjì, títí tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886. Orúkọ tí a fi jagun ni a fún ilé-ìwé. Ìkọ̀lé náà rí tirẹ̀ nígbà tí Egbe-Oba High School dé ní àwọn ọdún 1950 kan náà. Nígbà tí ó di oṣù Kíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì tú jáde bí eéṣú. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ohun tí ó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kí ni sáà bọ́ọ̀lù jẹ́ ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun bẹ́ẹ̀? Pápá ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá, igbó ni wọ́n sì ń ṣán kí ó tó di pápá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń fi àdá ṣán koríko, tí wọ́n ń fi ọkọ́ hú kùkùté. Àwọn tí ó ṣẹ̀ ni a ń fún ní ibi tí ó le jù láti ro. Ọparun tàbí igi tí wọ́n gé nínú igbó ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún ilé bọ́ọ̀lù, eérú ni wọ́n ń fi sàmì sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹyọ kan ni, bóyá méjì bí ilé-ìwé bá rí jájẹ. Awọ ni, tí bíládà wà nínú rẹ̀, tí a fi okùn awọ dì lẹ́nu bí bàtà. Bíládà tí ó bá jò, a ó lẹ̀ ẹ́ bí a ti ń lẹ túùbù kẹ̀kẹ́. Ọ̀rá ni a fi ń pa awọ rẹ̀ kí ó má baà gbẹ. Bí òjò bá sì pa á, ẹni tí ó bá forí kàn án yóò rò pé ọlọ ni wọ́n sọ lu òun.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kò dọ́gba. Ní ìgbà yẹn, ọmọ kì í tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ẹni tí ó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní lè ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Síbẹ̀ ọmọdé ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ bá lọ pàdé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, níbi tí a ti ń rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ó ti ṣe olùkọ́ ní abúlé rí, tí òmíràn tilẹ̀ ti níyàwó sílé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun tí kíláàsì rẹ̀ kò ju méjì lọ kò ní ènìyàn tí yóò yàn nínú wọn. Ẹni tí ó bá lè sáré ni yóò gbá. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ayò mẹ́fà sílé lọ́dún kìn-ín-ní, kí ó gba mẹ́ta lọ́dún kejì, kí ó gbá ọ̀mì lọ́dún kẹta. Bí a bá fi ojú Èkó wò ó, sáà asán ni. Bí a bá fi ojú àwọn tí ó dá pápá wò ó, wọ́n ti dé ibi kan.

Ìrìn-àjò náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti Ìdó, a ó gba Ìfàkì já sí Ọyẹ́, a ó gba Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé, nínú ọkọ̀ akẹ́rù onípákó, nínú eruku tí ń sọ irun ọmọ di pupa. Bí ọkọ̀ bá kọ̀, ẹsẹ̀ ni. Bí eré bá sì parí, ẹ mọ ìwà Èkìtì: àlejò tí ó gbá ayò mẹ́ta wọlé yín, ẹ ó ṣì gún iyán fún un, bí inú ń bí yín. Lórí iyán yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ìlú tí àwọn baba wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí ara wọn.

Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbá a, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Liverpool. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà. Nígbà tí Henshaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní Crosby, àwọn oníwèé ìròyìn wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi lè jókòó síbí lónìí kí n ka ayò wọn fún yín. Oníwèé ìròyìn kì í gba Ìfàkì kọjá lọ wo eré kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yẹn níbi tí wọ́n bá ti ṣe é: nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ ti ọ̀gá ilé-ìwé, nínú ìwé ìròyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ tẹ̀, àti nínú fọ́tò dúdú àti funfun tí ó kọ́ sí ara ògiri pálọ̀ àwọn àgbà. Ẹ ti rí irú fọ́tò náà rí. Àwọn kan jókòó, àwọn kan dúró lẹ́yìn, àwọn méjì dùbúlẹ̀ níwájú. Bọ́ọ̀lù wà ní àárín, wọ́n sì fi ẹfun kọ ọdún sí i lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún yẹn nìkan ni ohun tí a kọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàyí àti àwọn onítàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ wa pé ìtàn wa kò mọ sí inú ìwé tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀, pé ẹnu àgbà náà jẹ́ ilé ìṣúra. Ó dágbére fún ayé ní ọdún 2014. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ní 2011, ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ọyẹ́-Èkìtì sílẹ̀, apá kan rẹ̀ ní Ọyẹ́, apá kejì ní Ìkọ̀lé tí a bí i sí. Ọmọ tí ó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìdó ní 1954 ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wò wá, ẹ ti mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ gbé ìwé àti kálámù, ẹ lọ jókòó tì wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sọ fọ́tò náà kalẹ̀ láti ara ògiri, kí ẹ sì bi wọ́n ní orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ó wà nínú rẹ̀.

Ó tó báyìí fún ìṣípayá. Àwọn àlejò wa wà ní ìjókòó, àwọn kan nínú wọn sì ti gbá bọ́ọ̀lù lórí irú pápá tí mo ń ṣàpèjúwe yìí. Ìbéèrè mi fún wọn kò pọ̀: ọdún wo ni búùtù kọ́kọ́ dé pápá ilé-ìwé tiwọn, ta ni ó rà á, ta ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún wọ̀ nínú àwọn mọ́kànlá?